Ẹyin Ìgbín àti Bí Ó Ṣe Ń Ṣòfò Lọ́wọ́ Àwọn Ọlọ́sìn ní Abúlé Ìbàdàn

ÌFÁÁRÀ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìgbín ṣe àjèjì sí. Ó jẹ́ ẹran ọbẹ̀, ó jẹ́ ohun ètùtù, omi rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn oníṣègùn. Òun ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń bọ Òrìṣàńlá, láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀ nípa ẹran, omi àti ìkarahun ìgbín ti pọ̀ tó, ti ẹyin rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ṣíṣà ni wọ́n máa ń ṣa ìgbín nínú igbó. Wọn kì í sìn ín. Ẹni tí ó ń ṣa ìgbín lọ sí ọjà kò sì ní ohun tí yóò fi ẹyin rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí ènìyàn bá kó ìgbín sínú ọgbà pẹ̀lú èrò pé kí ó máa bí sí i ni ẹyin tó di ọ̀rọ̀.

Ẹyin yìí ni pépà yìí gbé yẹ̀ wò, pàápàá bí ó ṣe ń ṣòfò kí ó tó pa, lọ́wọ́ àwọn tí ó ń sin ìgbín ní abúlé oko àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Èrò tí pépà náà gbé kalẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí èèrà àti àgbàrá òjò tí gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ, ohun mìíràn wà tí ó ń pa ẹyin ìgbín, tí wọn kì í sì í sábà kà mọ́ ọ̀tá. Ohun náà ni ìtọ́jú tí ó jọ ti ẹyin adìẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Igbó tí ìgbín ń gbé ti fà sẹ́yìn. Ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú, ilé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Ní ìhà Akanran ní Ọ̀nà-Àrà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn nítorí rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, igi kòkó ṣì ń ṣíji bo ilẹ̀, ìgbín a sì máa fẹ́ irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú sábà máa ń ní èròjà bàbà nínú, bàbà sì jẹ́ májèlé fún ìgbín àti àwọn ìbátan rẹ̀ gbogbo. Èyí tí ó tún burú jù ni àkókò tí wọ́n ń ṣà á. Òjò àkọ́rọ̀ ni ó ń jí ìgbín lójú oorun ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà náà ni ó ń jáde wá jẹun, tí ó ń wá ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì ń yé; ìgbà náà gan-an sì ni àwọn tí ń ṣa ìgbín ń tan iná wọ igbó lóru. Ìgbín tí ó gbé ẹyin sínú ni wọ́n ń kó lọ sí ọjà. Àwọn obìnrin tí ń tú ìgbín ní ilé ìdáná mọ ẹyin náà dáadáa: wọ́n ń bá a nínú, wọn a dà á nù tàbí kí wọ́n sè é mọ́ ẹran.

IYE ẸYIN ÀTI ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Ìgbín kò ní akọ, kò sì ní abo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀yà ara méjèèjì, síbẹ̀ méjì sábà máa ń pàdé kí ẹyin tó wáyé. Àwọn kan nínú wọn lè fi àtọ̀ tí wọ́n gbà pamọ́ sínú ara fún oṣù mélòó kan. Ìdí nìyí tí ìgbín kan ṣoṣo tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọ́n sì dá fi sínú àpótí, fi lè yé ẹyin tí yóò pa. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Èyí tí àwọn ọlọ́sìn agbègbè yìí fẹ́ràn jù ni ìgbín ńlá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Archachatina marginata, orúkọ tí ó ti ọ̀dọ̀ Swainson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1821. Ìwádìí lórí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní 1978, S. S. Ajayi, O. O. Tewe, C. Moriarty àti M. O. Awesu tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú East African Wildlife Journal lórí ìgbésí ayé ìgbín yìí àti àǹfààní ẹran rẹ̀ fún ara. Forestry Research Institute of Nigeria, tí ó wà ní Jericho ní Ìbàdàn, náà ti ṣe iṣẹ́ lórí bí ìgbín ṣe lè di ohun ọ̀sìn.

Ẹyin 4 sí 18 ni marginata sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin náà tóbi ju ti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 2, èèpo rẹ̀ sì le. Ó lè lo nǹkan bí 40 ọjọ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó pa. Achatina achatina, tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gánà, lè yé láti 30 títí dé 300 lẹ́ẹ̀kan. Achatina fulica, tí ó ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tàn káàkiri ayé, lè yé tó 400, kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó pa.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ọlọ́sìn kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1966, ọmọkùnrin kan mú fulica 3 láti Hawaii wọ Miami ní Amẹ́ríkà, ìyá rẹ̀ àgbà sì tú wọn sílẹ̀ sínú ọgbà. Kí ó tó di 1975 tí wọ́n rí wọn pa run, wọ́n ti ṣa èyí tí ó ju 18,000 lọ, ìjọba sì ti ná ju mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rò pé ta ni kò lè sin ìgbín. Ṣùgbọ́n ìgbín tí ń yé ẹyin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kò lè ṣe bíi ti ìgbín tí ń yé ọgọ́rùn-ún mẹ́rin. Nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́rin, eku lè jẹ ìdajì, kí ìyókù ṣì kún ọgbà. Nínú mẹ́jọ, eku kan ní alẹ́ ọjọ́ kan ti tó. Bí ọlọ́sìn kan bá ní ìgbín 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yé ẹyin 8, 80 ni gbogbo rẹ̀. Bí ìyé mẹ́rin bá bàjẹ́, 32 ti lọ. Ọmọ ìgbín yìí a sì máa tó oṣù 9 tàbí 10, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òun náà tó yé. Nítorí náà, ẹyin tí ó ṣòfò ní òjò ọdún yìí jẹ́ àìsí ìyá ìgbín ní òjò ọdún tí ń bọ̀.

OHUN TÍ Ń PA ẸYIN

Kò sí ilé kan ní abúlé tí wọn kò ti mọ bí adìẹ ṣe ń sàba. Ọjọ́ 21 ni. Adìẹ ń fi ara gbígbóná bo ẹyin, ó sì ń fi àgógó yí i padà lójoojúmọ́. Ìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú wá sídìí ìgbín láìrò ó. Ṣùgbọ́n ìgbín kì í sàba. Yóò gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ rírọ̀, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, yóò yé sínú rẹ̀, yóò bò ó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ ni ó ń sàba fún un.

Láti inú àṣìmú yìí ni òfò mẹ́ta ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ẹni tí ó rò pé ẹyin ń fẹ́ ìgbóná yóò gbé àpótí sí oòrùn tàbí sí abẹ́ páànù tí ó ń jó bí iná lọ́sàn-án. Erùpẹ̀ yóò gbẹ, ọmọ inú ẹyin yóò sì kú. Ìkejì ni títú ilẹ̀ wò. Ojú a máa kán ọlọ́sìn. Yóò fi igi tú erùpẹ̀ láti mọ̀ bóyá nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Èèpo yóò sán, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò sì wọlé. Ìkẹta, tí ó dunni jù, ni ti ọjọ́. Ẹni tí adìẹ ti fi ọjọ́ 21 kọ́ yóò dúró títí di ọjọ́ 25, bóyá 30, yóò sọ pé ẹyin ti bàjẹ́, yóò sì kó o dànù. Bẹ́ẹ̀ ẹyin marginata ṣì ní ọjọ́ 10 nílẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé alààyè ni.

Omi náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ a máa di omi mú. Ẹyin inú rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́, yóò sì rà. Ilẹ̀ oníyanrìn a máa tètè gbẹ, ẹyin a sì gbẹ mọ́ ọn. Ilẹ̀ dúdú olọ́ràá tí ó wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kòkó tí wọn kò fín oògùn sí ni ó dára. Bí wọ́n bá fún un ní ọwọ́, ó yẹ kí ó dì mọ́ra láìjẹ́ pé omi ń kán.

Ní ti èèrà, ìjàlọ, eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀tá tí àwọn ènìyàn kò kà sí ni ìgbín fúnra rẹ̀. Bí àgbà ìgbín bá pọ̀ jù nínú àpótí kan, èyí tí ó fẹ́ yé lónìí yóò gbẹ́ ibi tí òmíràn yé sí lánàá, yóò sì tú ẹyin síta. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ pa náà lè jẹ ẹyin tí kò tíì pa, nítorí ó ń wá èròjà tí yóò fi kọ́ ìkarahun. Ohun kan náà ni ó yẹ kí wọ́n máa fún ìyá rẹ̀: èèpo ẹyin adìẹ tàbí ìkarahun tí wọ́n gún kúnná, pẹ̀lú ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò àti èso. Oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ń rà lọ́jà léwu, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn abọrìṣà tí kì í fi iyọ̀ sí ìgbín Òrìṣàńlá ní ìdí tiwọn. Ọlọ́sìn ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti pàdé.

ÌTỌ́JÚ

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọlọ́sìn ń gbà dáàbò bo ẹyin. Ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n rọra fi ṣíbí kó ẹyin ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rí i, kí wọ́n sì rì í sínú erùpẹ̀ mìíràn nínú abọ́ tàbí àpótí kékeré. Wọn a máa yan erùpẹ̀ yìí lórí iná kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, wọn a jẹ́ kí ó tutù, wọn a sì bu omi díẹ̀ sí i. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ẹyin sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí wọ́n sì kó àwọn àgbà ìgbín lọ sí ibòmíràn. Fún ẹni tí ìgbín rẹ̀ kò pọ̀, ti kejì yìí ni ó sàn jù, nítorí ọwọ́ kò kan ẹyin rárá. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju àpótí kan sí i lọ.

Èyí tí ó wù kí wọ́n yàn, inú ìbòòji ni àpótí yóò wà. Wọn yóò fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, wọn yóò sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo tí ó ní omi tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, kí èèrà má baà gùn ún. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò fi bo ojú ilẹ̀, kí ọ̀rinrin má baà tètè lọ. Wọn yóò kọ ọjọ́ tí ìgbín yé sára àpótí. Kíkọ ọjọ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lè dá ọwọ́ ẹni tí ojú ń kán dúró, kí ó má baà tú ilẹ̀ tàbí kó ẹyin dànù ní ọjọ́ 25.

Nígbà tí ẹyin bá sì pa, ọmọ kì í jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò jẹ èèpo ẹyin rẹ̀, yóò sì dúró sí abẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gòkè wá wá ewé. Ojú ilẹ̀ kò ní fi ohunkóhun hàn ní gbogbo àkókò yìí. Nítorí náà, bí ọjọ́ 40 bá pé tí ọlọ́sìn kò rí nǹkan, ó yẹ kí ó fi ọ̀sẹ̀ kan sí i ó kéré tán, kí ó máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí ojú ewé, kí ó sì máa ṣí etí ewé náà wò ní alẹ́. Abẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rí wọn, bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ ewé, pẹ̀lú ìkarahun tí ó ṣì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn án.