Ibùdó Ọmọ-ogun ní Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú Àtijọ́

Ogun a máa tú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibùdó ogun ni í tú. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti pa Òwu run tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ibùdó náà ni ó di ìlú ńlá. Ní Ìlọrin pẹ̀lú, ẹni tí ó bá dé báráàkì Sóbì yóò rí i pé ìlú kan ni láàárín ìlú. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ibùdó kan bá yí padà, kì í ṣe ọmọ-ogun nìkan ni ó kàn. Ìtàn Kinloss, ní àríwá ilẹ̀ Scotland, fi èyí hàn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1939, nígbà tí ogun Hitler ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí pápá ọkọ̀ òfúrufú sí Kinloss. Ní àkókò ogun náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfúrufú ju bọ́ǹbù. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ a máa fò lórí òkun láti ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Rọ́ṣíà, wọn a sì máa wá àwọn tí ewu bá lójú omi. Láti ọdún 1970, ọkọ̀ tí a ń pè ní Nimrod ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà kò ṣàìgba ẹ̀mí: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Nimrod kan láti Kinloss gbiná lójú òfúrufú Afghanistan, ènìyàn 14 sì ṣègbé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Nimrod ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá, nítorí ọ̀wọ́n owó, ìjọba fagi lé ọkọ̀ tuntun tí ìbá rọ́pò rẹ̀. Ìbẹ̀rù mú àwọn ará agbègbè náà, nítorí pé ibùdó ni ó ń bọ́ oníṣọ̀ọ̀bù, onílé àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ní oṣù kọkànlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Lossiemouth, ibùdó kejì tí ó wà nítòsí, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe ti òun náà. Lossiemouth yè, ọkọ̀ òfúrufú ti Kinloss kò tún fò mọ́ láti ọdún 2011.

Síbẹ̀, ilé, ọ̀nà àti omi wà ní Kinloss. Ní oṣù keje ọdún 2012, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun orí ilẹ̀ kan, 39 Engineer Regiment, kó wọ ibẹ̀, ó sì di báráàkì. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti ṣe pápá ọkọ̀ òfúrufú àti láti tún un ṣe. Waterbeach ni wọ́n ti wá, òun náà pápá ọkọ̀ òfúrufú ọdún 1941, tí ó di ti ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ní ọdún 1966. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun kúrò ní Waterbeach pátápátá ní ọdún 2013, a ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlú tuntun, bí ti Ìbàdàn àtijọ́.

Wọn kò hú ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfúrufú Kinloss dànù. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ti Lossiemouth kò tíì ṣe tán, Kinloss ni ọkọ̀ tuntun tí yóò máa ṣọ́ òkun kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo lè yí iṣẹ́ ibùdó padà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ibùdó jẹ́ ní tòótọ́, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.