Yàrá Fáìlì Kan fún Ọ̀pọ̀ Sáfà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì wa, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa, káàdì ilé ìwòsàn, inú sáfà ni púpọ̀ nínú wọn wà lónìí. Bí wọ́n bá ní, “Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ẹ padà wá lọ́la,” ó yẹ kí a mọ ohun tó lè fà á.

Sáfà ńlá kan lè gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ara rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò ní ara tí a lè fọwọ́ kàn. Ètò bíi VMware tàbí KVM ló ń pín agbára sáfà fún wọn, bí ìgbà tí ayálégbé púpọ̀ ń gbé ilé kan. Bí fáìlì ayálégbé bá wà nínú sáfà yẹn nìkan, ọjọ́ tí sáfà bá kú, fáìlì há sínú rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ń kó àwọn fáìlì náà sí ibi ìpamọ́ kan lórí nẹ́tíwọ̀kì, tí sáfà méjì tàbí mẹ́ta jọ ń lò. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn lè gbé ayálégbé náà dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Òkè Ọya bíi tèmi mọ irú ètò yìí. Yàrá fáìlì kan ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò, akọ̀wé ibẹ̀ sì ní ìwé tó fi ń kọ orúkọ ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti so sáfà mọ́ ibi ìpamọ́. NFS, tí Sun Microsystems bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ń ṣe bí akọ̀wé yẹn: sáfà béèrè fáìlì, ibi ìpamọ́ mú un jáde. iSCSI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004, kì í fúnni ní fáìlì. Àpótí òfìfo ló ń gbé fún sáfà, sáfà á sì tò ó bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ló wà.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí sáfà méjì bá so mọ́ àpótí iSCSI kan náà, tí wọ́n sì tò ó ní ìlànà kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, bíi NTFS tàbí ext4, oníkálùkù á máa kọ tirẹ̀ lé ti èkejì lórí títí gbogbo rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Kò sí akọ̀wé láàárín wọn! VMware ní ìlànà tirẹ̀, VMFS, tó ń ti fáìlì tí sáfà kan bá ń lò mọ́ àwọn yòókù.

Kí ọ̀nà ibi ìpamọ́ dá yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo fídíò, kí wáyà sì jẹ́ méjì, kí wọ́n gba inú switch méjì kọjá.

Ní tiwa níhìn-ín, iná ló ń dán gbogbo rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá mú un lọ, tí bátìrì sì fẹ́ tán, ayálégbé ni kí a kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà sáfà, kí ibi ìpamọ́ ṣe ìkẹyìn. Bí iná bá dé, ibi ìpamọ́ ni kí a kọ́kọ́ tàn, kí a sì dúró kí ó jí tán. Sáfà tó bá ṣáájú rẹ̀ jí lè má rí fáìlì ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so sáfà mọ́ bátìrì, tí wọ́n fi switch sílẹ̀. Kí ni àǹfààní bátìrì nígbà náà?

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ á ní dísíìkì púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ kò séwu. Òótọ́ ni, bí wọ́n bá tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́, lórí gbogbo dísíìkì ló ti parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mìíràn, kí wọ́n sì máa gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé ó ń ṣí.