Máìlì ni àbí kìlómítà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa aago eré ọkọ̀ tòkunbọ̀

Ní Turffontein, ní gúúsù ìlú Johannesburg, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wọn eré sísá. Láti ọdún 1887 ni pápá ìdíje ẹṣin ti wà ní àdúgbò náà. Nígbà kan, máìlì àti ìdá máìlì ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà tí ẹṣin ń sá. Lónìí, mítà ni wọ́n ń lò, 2,000 mítà sì ni ìdíje Summer Cup tó gbajúmọ̀ níbẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1970 ni Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà ti kúrò lórí máìlì, èyí tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní ibùsọ̀, bọ́ sórí kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú pópó Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá wọn ṣe ìyípadà yìí. Máìlì ló wà lójú aago rẹ̀. Ẹni tó bá rà á ní láti mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wí, nítorí owó àti ẹ̀mí ló so mọ́ ọn.

Ibo ni ọkọ̀ oní-máìlì ti ń wá?

Gúúsù Áfíríkà kì í gbà kí wọ́n kàn máa kó ọkọ̀ àlòkù wọlé fún títà. ITAC, àjọ tó ń bójú tó káràkátà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Lára àwọn tó lè rí i gbà ni ọmọ ìlú tó ń padà wálé láti òkèèrè àti àjèjì tó ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ. Nítorí pé apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà gẹ́gẹ́ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó bá ti London dé kò ní ìṣòro pẹ̀lú ibi tí ìdarí rẹ̀ wà. Aago rẹ̀ ni kò bá ojú pópó mu.

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Láti ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, ọdún 1972 ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún níbẹ̀, ìdí nìyí tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi rọrùn láti lò. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá ló jẹ́ oní-máìlì, nígbà tí àwọn tó ń ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù wá jẹ́ oní-kìlómítà. Orí pápá ìtajà kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí.

Kí ni ewu tó wà nínú ṣíṣi nọ́ńbà kà?

Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Bí awakọ̀ bá rí 60 lójú aago oní-máìlì, tó sì rò pé kìlómítà ni, eré kìlómítà 96.6 ní wákàtí kan ló ń sá. Òfin ìrìnnà Gúúsù Áfíríkà fi kìlómítà 60 ṣe gbèdéke nínú ìlú, 100 lẹ́yìn ìlú, àti 120 lórí òpópónà márosẹ̀. Ní Nàìjíríà, 50 ni gbèdéke nínú ìlú, 100 sì ni fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ aago rẹ̀ bá dúró lórí 50 máìlì láàárín ìlú ti kọjá kìlómítà 80.

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó fi máìlì pe kìlómítà ti sọ agbára ìkọlù náà di ohun tó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ, láìmọ̀.

Báwo ni aago eré ṣe ń ṣiṣẹ́?

Aago eré kò mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó. Yíyí táyà ló ń kà. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà kan ló ń ti ara jíà wá láti yí mágnẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa abẹ́rẹ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, sẹ́ńsọ̀ ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tó ń ṣírò eré àti iye ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn.

Méjèèjì ló gbà pé táyà tí ilé iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá yọ táyà 195/65 R15, tó fi 205/65 R15 rọ́pò rẹ̀, táyà tuntun náà fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí aago bá sọ 100, ọkọ̀ náà ti ń sá 102. Bí táyà bá sì ti jẹ tán, ó kéré sí i, aago á máa sọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìlànà 39 ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé aago eré kò gbọdọ̀ fi eré hàn pé ó kéré ju bó ṣe wà lọ. Ó lè fi díẹ̀ lé e: bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà gan-an, aago lè sọ tó 114, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yí máìlì sí kìlómítà?

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ẹni tó ni wọ́n lè yí wọn láti ara dáṣíbọọ̀dù. Àwọn mìíràn nílò kí wọ́n pààrọ̀ odindi aago, tàbí kí wọ́n lẹ ojú tuntun mọ́ ọn. Ibí yìí ni àṣìṣe àti ẹ̀tàn ti ń wọlé.

Bí wọ́n bá pààrọ̀ ojú aago nìkan, tí wọn kò ṣírò nọ́ńbà tó ń ka ìrìn ọkọ̀, 100,000 máìlì á di 100,000 kìlómítà lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ti rin 160,934 kìlómítà. Bí wọ́n bá fi kìlómítà kún máìlì, àdàlù ló máa dà. Ọkọ̀ tó ti rin 90,000 máìlì kí wọ́n tó yí aago rẹ̀, tó wá rin 20,000 kìlómítà lẹ́yìn náà, á máa fi 110,000 hàn. Ìrìn rẹ̀ gan-an jẹ́ 164,841 kìlómítà.

Mẹkáníìkì tó bá gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ á pẹ́ kó tó pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí bẹ́líìtì yẹn bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì lè bàjẹ́ pátápátá.

Báwo ni ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín?

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó tì yín pẹ̀lú fóònù, kí ó sì máa wo aago bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Ní ibi tí òfin ti gbà á, ẹ di eré 60 mú láti pátákó kìlómítà kan dé èkejì. Bí kìlómítà ni aago ń kà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 37, máìlì ni. GPS inú fóònù náà lè sọ eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an lójú ọ̀nà títọ́.

Fún iye ìrìn, ẹ rin kìlómítà mẹ́wàá. Bí nọ́ńbà bá fi mẹ́fà àti díẹ̀ lé sí i, máìlì ló ń kà.

Ẹ wo ìwé àtúnṣe ọkọ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì, àga awakọ̀ àti ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára ìdarí. Bí wọ́n bá ti gbó, tí aago sì ń sọ pé ọkọ̀ kò rìn púpọ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà 17 ni a fi ń wá ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Fún ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ibẹ̀ fi àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò MOT sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, iye máìlì tí ọkọ̀ rìn sì wà nínú rẹ̀.

Kí ni òfin sọ?

Láti ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka dídá aago ìrìn ọkọ̀ padà sẹ́yìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú nọ́ńbà irọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2008 kọ̀ kí oníṣòwò parọ́ nípa ọjà rẹ̀, ó sì fún ẹni tó ra ọjà tó ní àbùkù lọ́wọ́ oníṣòwò ní oṣù mẹ́fà láti dá a padà.

Ẹni tó bá fẹ́ yí aago ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tó yí i àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, kí ó fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀, kí ó sì fi han ẹni tó bá máa rà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Lójú pópó, ọjọ́ kan náà lè jẹ́ ọjọ́ tí bíréèkì kò ní tètè mú.