Ta ni "wa" nínú "àwọn ìyá wa"? Àkíyèsí lórí ère Amazone ní Kútọnu

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ni Ààrẹ Patrice Talon ṣí aṣọ lójú ère obìnrin ológun kan ní Kútọnu. Ère náà ga tó mítà 30. Li Xiangqun, oníṣọ̀nà ará Ṣáínà, ló ṣe é; irin ni egungun rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi bò ó lára. Ìbọn wà ní ọwọ́ kan, idà kúkúrú sì wà ní èkejì. Àwọn kan rò pé Tassi Hangbé, obìnrin tó jọba ní Dàhòmì, ni. Ìjọba ní obìnrin Benin lápapọ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí orúkọ ṣe ń darí ìtumọ̀ tí olùwòran ń rí.

Orúkọ mẹ́ta ni à ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Amazone, tí àwọn ará Yúróòpù mú jáde láti inú ìtàn Gíríìkì. Ojú àlejò ni orúkọ yìí fi ń wò wọ́n. Èkejì ni agoodjié, orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ní èdè Fọ̀n. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ Fọ̀n bákan náà, ni minɔ, èyíinì ni "àwọn ìyá wa". Ẹ̀kẹta yìí ló le jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ọ̀pọ̀ wà nínú rẹ̀. A kò lè mọ ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí títí a ó fi mọ ẹni tó ń sọ ọ́.

Bí ọmọ Àgbómẹ̀ bá sọ ọ́, ìran rẹ̀ ló ń kì. Ọmọ Kétu ńkọ́? Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì, lábẹ́ Ọba Glèlè, fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú; agoodjié sì jẹ́ ara ọmọ ogun Dàhòmì. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni wọ́n tó tún ìlú náà tẹ̀ dó. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Yàtọ̀ sí èyí, "àwọn ìyá wa" ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní Kétu: nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn àgbà obìnrin alágbára tí à ń fi orin àti ijó tù lójú ni.

"Wa" ti ìjọba gbòòrò ju méjèèjì lọ: gbogbo ọmọ Benin ló kó pọ̀. Ọmọ Kétu lè gbà á, kó má sì gbàgbé ti 1886. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gba èrò àwọn èèyàn sílẹ̀ lórí ère yìí gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tí olùsọ̀rọ̀ pè é, àti ìlú tó ti wá. Láìsí èyí, a ó kọ "wa" sínú ìwé láìmọ ẹni tó jẹ́.