Ìrora Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ikpinlè àti ní àwọn oko tí ó yí i ká, tí a kì í sì í fẹ́ sọ síta. Obìnrin kan gun zémijan láti oko wá sí ilé ìwòsàn. Gbogbo egungun ni ó ń ro ó. Wọ́n wo ibà, kò sí ibà. Wọ́n wo ara rẹ̀, kò sí egbò, kò sì wú. Wọ́n fún un ní paracétamol, wọ́n ní kí ó máa lọ, pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣe é. Ó délé, ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ọ̀lẹ. Ìrora rẹ̀ ti di méjì nìyẹn.

“A kò rí nǹkan” àti “kò sí nǹkan” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ní agbègbè wa yìí, a mọ àìsàn Buruli, nítorí ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pobè. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré tí kì í dunni, kí ó tó di egbò ńlá. Kò sí ẹni tí yóò bi onítọ̀hún bóyá irọ́ ni ó ń pa, nítorí egbò ń jẹ́rìí fún un. Ta ni yóò wá jẹ́rìí fún ẹni tí egungun ń ro láìsí egbò?

Ẹ wo àìsàn tí àwọn Faransé ń pè ní drépanocytose. Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Lónìí ọmọ náà ń yí nílẹ̀, ó ń ké. Lọ́la ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìdí gan-an nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ó ń díbọ́n. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Grenada, tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Hóró bẹ́ẹ̀ ń dí àwọn iṣan kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, egungun yóò sì máa jẹ̀rora. Kò sí ohun tí ojú lè rí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsí ẹ̀rọ ní oko ni ó fà á. Ní oṣù kẹrin 2019, Evan Nathan Smith, ọmọ ọdún 21 tí ó ní àìsàn yìí, kú ní ilé ìwòsàn North Middlesex ní London. Láti orí ibùsùn rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti fi tẹlifóònù pe 999, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún atẹ́gùn. Ní 2021, àwọn aṣòfin Britain gbé ìròyìn jáde, àkọlé rẹ̀ sì ni pé kò sí ẹni tí ó ń gbọ́. Àwọn aláìsàn wí níbẹ̀ pé wọ́n ń fura sí àwọn pé oògùn olóró ni àwọn wá gbà.

Ìrora mìíràn sì wà tí àyẹ̀wò kankan kò ní rí ìdí rẹ̀. Ìwé orúkọ àrùn ti OMS, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, gbà pé ìrora tí ó bá ju oṣù mẹ́ta lọ lè jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀.

A mọ̀ pé iṣẹ́ wọ àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá láti sọ pé: “Màmá, mo gbà yín gbọ́. N kò tíì rí ìdí rẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà tí ń bọ̀.” Ẹni tí a bá sọ báyìí fún yóò padà wá. Ẹni tí a lé, ọ̀dọ̀ alágbo ni yóò gbà lọ, yóò sì ná owó àgbàdo rẹ̀ tán síbẹ̀.

Ní Cotonou, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òbí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde bí wọ́n ṣe lè tètè mọ àmì ewu. Ìròyìn wọn jáde ní 2003: ìdààmú àwọn ọmọ náà dín kù gidigidi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi àìsàn náà hàn ni électrophorèse. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe é fún, kí ó fi èsì rẹ̀ sínú kàné ìlera rẹ̀, kí ẹni tí ó bá gbà á lálejò ní òru lè rí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá lóòótọ́ ni ó ń dùn ún.