Ṣé o mọ̀? Wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi, láti Agége dé òkè òkun

Ṣé o mọ̀ pé òfin iṣẹ́ tí ìjọba Gowon gbé jáde ní 1974, èyí tí a ṣì ń tẹ̀ lé, kò sọ pé àgbàlagbà òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 8 lójúmọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nìkan ló fi wákàtí 8 dí fún. Ní ti àwa tó kù, àdéhùn ló fi í sí: èyí tí ọ̀gá bá òṣìṣẹ́ ṣe, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó ṣe. Ohun tó bá lé lórí iye náà ni ófátáìmù. Ẹni tó fọwọ́ síwèé láìbèèrè iye wákàtí, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí ófátáìmù tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé ìsinmi ò rí bẹ́ẹ̀? Òfin fúnra rẹ̀ ló dá iye rẹ̀. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá tó wákàtí 6, àkókò ìsinmi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí kan lápapọ̀. Nínú ọjọ́ 7, ọjọ́ kan gbáko jẹ́ ti òṣìṣẹ́, wákàtí 24 tí kò já. Bí ọ̀gá bá bù nínú rẹ̀, ó ní láti dá àkókò náà padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, tàbí kó san owó ófátáìmù dípò rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, líìfù olówó kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ fowó ra líìfù yìí lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ọjọ́ 6 kéré jù. Ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ láti ọdún dé ọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ni kò rí ọjọ́ 6 ọ̀hún gan-an gbà, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúwà.

Ìyá ọlọ́mọ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 6 kó tó bímọ, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bímọ. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọmọ rẹ̀. Sọ ọ́ fún ẹni tí o mọ̀ láwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, ní Ọ̀gbà tàbí ní Ọba Akran.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba Èkó? Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà. 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1962 ni Guinness yan Ìkẹjà fún ilé ìpọntí rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008. Agége ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbé. Onímọ̀ kan, Adrian Peace, bá wọn gbé níbẹ̀ nígbà tí ọdún 1970 ń bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ìwé nípa wọn, tó jáde ní 1979. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Owó ni wọ́n ń tọ́jú kí wọ́n lè dá òwò tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n di ọ̀gá ara wọn. Mo rò pé ohun tó ń wu wọ́n jù nìyẹn: kí àkókò wọn di tiwọn.

Wọn kò sì dákẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba lórí owó oṣù, tí Simeon Adébọ̀ darí, dámọ̀ràn àfikún owó ní ìparí 1970, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan kọ̀ láti san án, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1971, láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka àkókò ojú ọ̀nà mọ́ wákàtí iṣẹ́? Rélùwéè ti ń gba Agége kọjá láti nǹkan bí 1900, àmọ́ oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàárín Agbádó àti Oyíńgbò, tó ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ààbọ̀ wákàtí tí o bá rí gbà lọ́wọ́ gò-ṣíló, ìsinmi rẹ nìyẹn.

Wàyí o, olùkọ́. Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí má kan tíṣà ilé-ìwé aládàáni ní Agége? Òṣìṣẹ́ tí òfin 1974 ń bá wí ni ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ tàbí akọ̀wé. Ó yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìmọ̀ṣẹ́ kúrò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé àdéhùn ni ààbò tíṣà lórí wákàtí àti ìsinmi. Ìdí kan nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń wojú òkè òkun.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń rán olùkọ́ lọ. Ní 1987, nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni àwọn olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń lò ní Gáńbíà, Jàmáíkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ dá lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Kòríà Gúúsù ń fún olùkọ́ èdè ní físà E-2, àmọ́ orílẹ̀-èdè 7 ló sábà ń gbà fún ti Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Áyálándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. A kò sí níbẹ̀, àwa tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti pámárì dé yunifásítì. Ìwà ìyànjẹ ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Síbẹ̀, kọ́gbọ́n nínú ìwé àdéhùn wọn. Lábẹ́ ètò EPIK ti ìjọba ibẹ̀, wákàtí 22 ni olùkọ́ fi ń dúró níwájú ọmọ lọ́sẹ̀, àmọ́ wákàtí 8 ló gbọ́dọ̀ lò nílé-ìwé lójúmọ́. Àwọn ọmọ lè wà ní họlidé kí tíṣà ṣì máa jókòó ti tábìlì rẹ̀. Ní ètò JET ti Jàpáànù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, nǹkan bí wákàtí 35 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ. Bí wọ́n bá dárúkọ wákàtí fún ọ, bèèrè èwo: ti kíláàsì ni, àbí ti gbogbo ọjọ́?

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù kejì 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ wọn fún àwọn tó kàwé tíṣà ní Nàìjíríà? Olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wá. Ní ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ọjọ́ 195 ni olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́dún, wákàtí 1,265 sì ni ọ̀gá ilé-ìwé lè pàṣẹ lé lórí. Ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò kíláàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo fún ìmúrasílẹ̀ àti máàkì, nínú wákàtí iṣẹ́ gan-an. Mélòó nínú àwọn tíṣà Agége ló ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ìwé ìlànà iṣẹ́ tó dá àwọn iye wọ̀nyí sọ pé olùkọ́ yóò tún ṣe àfikún wákàtí tó bá mọ́gbọ́n dání kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yanjú, kò sì dárúkọ iye. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń di ẹrù béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ nìyí: ìwé àwọn ọmọ mélòó lò ń gbé lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì?