Láti Fágbèmí di Jésùgbèmí

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì ní òwúrọ̀, tí ẹ ń lọ sí ìhà Ìsọlọ̀, kò ṣòro kí ẹ bá oníwàásù kan pàdé nínú rẹ̀. Yóò gbàdúrà fún awakọ̀, yóò bá agbára òkùnkùn wí, lẹ́yìn náà ni yóò kan ọ̀rọ̀ orúkọ: pé ẹni tí ó bá ń jẹ́ orúkọ Ifá, Ògún, Ọ̀ṣun tàbí Èṣù, májẹ̀mú àtijọ́ ni ó gbé sára, òun ni kò sì jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ là. Àwọn èrò á ṣe àmín. Púpọ̀ nínú wọn á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìsọlọ̀, ní Ìláṣamájà tàbí ní Cele, wọn kò sì ní rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan á gbé e délé.

Àwọn tí wọ́n gbé e délé ni ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a ní Fágbèmí ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ti pinnu láti di Jésùgbèmí. Yóò lọ búra ní ilé ẹjọ́, yóò kéde orúkọ tuntun náà nínú ìwé ìròyìn, yóò ṣe àtúnṣe NIN rẹ̀, yóò gbé ìwé lọ sí báńkì, yóò tún tọ àwọn oníwèé ìrìnnà lọ. Ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ ṣì ń pè é ní Fágbèmí, nítorí náà ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ yóò máa bá a rìn lọ sí gbogbo ibi tí ó bá ti ń wá iṣẹ́. Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń dúró dè é nílé. Baba rẹ̀, tí òun náà jẹ́ díákónì, yóò bi í léèrè bóyá àwọn tí wọ́n ti sùn nínú orúkọ yẹn ti di ẹni ègún lójú rẹ̀.

Ìbéèrè baba yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan. Ìbéèrè ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ti ń jà á: ǹjẹ́ Ọlọ́run ti wà ní ilẹ̀ yìí, tí ó ń ṣe oore fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó gúnlẹ̀? Tí ó bá wà, ta ni ó gbe baba ńlá Fágbèmí lọ́jọ́ náà?

Ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gan-an ní ohun tí ó fẹ́ wí. Àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ Ìsọlọ̀ dó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ni ó ṣáájú àwọn baba ńlá wọn jáde láti Ifẹ̀, pé ó gbé àwo lé orí omi gẹ́gẹ́ bí Ifá ti wí, ó sì ń tẹ̀ lé e títí tí àwo náà fi rì ní ìhà Ìṣẹrí. Ẹ gbọ́ orúkọ olórí náà dáadáa. Ẹni tí ó bá pinnu pé òun kò ní bá Ògún àti Ifá da nǹkan kan pọ̀ yóò nílò láti wá ilẹ̀ mìíràn kọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀ sí.

Èdè tí a fi ń wàásù náà kò mọ́ tó bí oníwàásù inú ọkọ̀ ti rò. Nígbà tí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Thomas King ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ilé mẹ́ta ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀. Wọ́n mú ti òyìnbó díẹ̀. Wọ́n mú púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti wà láàrin wa: àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, wòlíì, gbogbo rẹ̀ ọ̀nà mọ́sáláṣí ni ó gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó jinlẹ̀ jù, ilé àwọn babaláwo àti àwọn olórìṣà ni wọ́n padà sí. Níbẹ̀ ni Olódùmarè ti wá. Níbẹ̀ ni ẹbọ ti wá. Ètùtù, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa lò fún iṣẹ́ tí Jésù ṣe lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ tí àwọn babaláwo ń lò ni, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Kò sí Kristẹni tí ó ń sọ Yorùbá tí ó lè ṣàlàyé ìgbàlà rẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún láì yá nǹkan nínú àpò Ifá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìtumọ̀ náà fìyà jẹ gidigidi, Èṣù ni. Àwọn tí wọ́n ń sìn ín mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tí ń wo ìṣe ènìyàn àti òrìṣà, tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí kì í sì í gba ìwà àìtọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé lé ọ̀tá Ọlọ́run lórí. Láti ìgbà náà ni àwọn ìdílé tí ń jẹ́ Èṣùbíyìí ti ń jìyà ohun tí wọn kò mọ̀dí. Àwọn ọ̀dọ́ olórìṣà ti ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí pé Èṣù kì í ṣe Sátánì, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé Bíbélì kan náà gbè wọ́n lẹ́yìn díẹ̀: Sátánì inú ìwé Jóòbù wà láàrin àwọn ọmọ Ọlọ́run, ó ń rìn káàkiri ayé, ó sì ń jíṣẹ́ ohun tí ó rí. Bólájí Ìdòwú ti tọ́ka sí ìjọra yìí nínú ìwé tí ó kọ lórí Olódùmarè ní 1962.

A óò padà sórí Ìdòwú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tí wọ́n ṣáájú rẹ̀, nítorí ní Èkó àtijọ́, òdì kejì ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lónìí ni ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn Kristẹni ń sáré kúrò nínú orúkọ òyìnbó ni. James Johnson, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, rọ àwọn òbí kí wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣe ìrìbọmi ọmọ wọn. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mọ́jọlà Àgbébí ní 1894, ó sì wọ aṣọ ilẹ̀ wa títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù ni William James Davies. Guyana ni wọ́n bí i sí fún òbí Yorùbá, ó dàgbà ní Sierra Leone, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọlọ́run ní Yale, ó sì ṣiṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run fún ọ̀pọ̀ ọdún ní North Carolina. Ní 1887, ó jù Davies sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Òrìṣàtúkẹ́ Fádùmà. Òrìṣà lápá kan, Ifá lápá kejì! Ó gun orí pẹpẹ pẹ̀lú rẹ̀, ó fi kọ̀wé, orúkọ yẹn náà ni ó jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1946.

Àwọn kan tilẹ̀ lọ jókòó ti Ifá fúnra rẹ̀. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere Áńgílíkà ní Oǹdó, tọ babaláwo lọ láti kọ́ ẹsẹ Ifá, ó sì kọ ìwé méjì lórí rẹ̀. Èkejì, Ọ̀rúnmìlà, jáde ní 1908. Ó rí òjìji Kristi nínú Ọ̀rúnmìlà. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ náà, T. A. J. Ògúnbíyìí, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1914 ni ó dá Ògbóni ti àwọn Kristẹni sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Ògbóni Àtúnṣe, àríyànjiyàn tí ó dá sílẹ̀ nínú ìjọ kò sì tíì parí.

Àwọn Aládùúrà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú ìwé. Nígbà tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, tí iná ìsọjí Joseph Babalọlá sì ràn ní Iléṣà ní 1930, ère àti oògùn ni àwọn ènìyàn ń kó jáde láti sun. Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ babaláwo ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wòlíì: ṣé ọmọ yóò wà, ṣé ìrìn àjò yìí yóò dára, ta ni ó wà nídìí àìsàn yìí? Àlá, ìran, omi àti ààwẹ̀ ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ibùdókọ̀ Cele tí mo dárúkọ lókè, ìjọ irú èyí ni ó ni orúkọ náà, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí káfíńtà kan, Samuel Oschoffa, dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947. Mo gbà pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àwọn ọ̀mọ̀wé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bínú sí mi bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú tí ó padà di Pátíríákì Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, ni ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé fún gbogbo ayé. Ó ní àwọn òrìṣà jẹ́ ìránṣẹ́ Olódùmarè, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni àwọn baba wa mọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí a bá gba èyí, Fágbèmí kò purọ́: oore Ọlọ́run ni ó rí, orúkọ tí ó mọ̀ ni ó fi dúpẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èrò yìí ti yọ. Ní Australia, àwọn àgbà ìbílẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Kristẹni tẹ ìwé Rainbow Spirit Theology jáde ní 1997. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ẹ̀mí Ẹlẹ́dàá ti ń bá àwọn baba ńlá wọn sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn tó bí ó ti dùn. Okot p'Bitek ti Uganda bú àwọn ọ̀mọ̀wé Kristẹni ilẹ̀ Áfíríkà pé aṣọ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ń wọ̀ fún àwọn òrìṣà wa kí wọ́n lè bá ṣọ́ọ̀ṣì mu. Ẹ bi babaláwo kan léèrè ní Mafoluku bóyá Ọ̀rúnmìlà jẹ́ òjìji ẹlòmíràn, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Òun kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó wá parí ẹ̀sìn òun. Nígbà tí ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní 2023, tí ó sì bọ́ sí oṣù tí gbogbo wa, títí kan pásítọ̀, ń pè ní oṣù Ògún, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìpalẹ̀mọ́ fún Ìhìnrere ni àwọn olórìṣà fi jáde. Ìbọ̀wọ̀ tòótọ́ yẹ kí ó lè gbà pé ẹ̀sìn méjì ni, kí a sì tún jọ máa gbé.

Nítorí náà, kí ni kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe? Bíbélì tí ó fẹ́ fi gbé ìpinnu rẹ̀ ró kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà níbi gbogbo. Ẹ ṣí ìwé Kíróníkà Kìíní orí kẹjọ, ọmọ Sọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Eṣibáálì, orúkọ òrìṣà Báálì wà lára rẹ̀. Nínú Sámúẹ́lì Kejì, ọmọ yìí kan náà ti di Iṣiboṣẹ́tì: wọ́n ti yọ Báálì kúrò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìtìjú dípò rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ní Òṣòdì nìyẹn gẹ́lẹ́, akọ̀wé Hébérù ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e kò ṣe ohun àjèjì.

Ṣùgbọ́n Módékáì, orúkọ Mádúkì òrìṣà Bábílónì wà nínú tirẹ̀, Ọlọ́run sì ti ọwọ́ rẹ̀ gba odindi orílẹ̀-èdè là. Apollo, ọlọ́gbọ́n oníwàásù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orúkọ òrìṣà Gíríìkì ni ó ti wá. Èyí tí ó sì ṣe kókó jù ni ti Pọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn ará Lísírà pè é ní Hermes, tí wọ́n fẹ́ fi màlúù rúbọ sí i, òun àti Bánábà fa aṣọ wọn ya. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, ó kí onígbàgbọ́ kan tí ń jẹ́ Hermes, kò sì sọ fún un pé kí ó lọ pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù mọ ìyàtọ̀ láàrin ìsìn àti orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, Awólọ́wọ̀ jẹ́ Kristẹni títí ó fi kú, awo inú orúkọ rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́ láti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá gbé e dé ibi tí kò ti lè jẹ́ Fágbèmí mọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà, kí ẹbí sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ń sá fún òṣì ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Wọ́n ti sọ fún un pé orúkọ ni kò jẹ́ kí ó rí iṣẹ́, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún Jésùgbèmí àti Olúwagbèmí ń wá iṣẹ́ kan náà kiri ní Èkó. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi wàásù fún un, ìbẹ̀rù náà sì mọ agbára Ifá ju babaláwo lọ.

Kí ó tó lọ sí ilé ẹjọ́, kí ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn. Kí ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi sọ pé Ifá gbè wá: àìsàn ni, ogun ni, àbí ọmọ tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́? Ta ni ó sọ orúkọ náà, ta ni wọ́n sọ ọ́? Kí ó bi í léèrè oríkì ilé wọn pẹ̀lú. Kí ó mú fóònù dání láti gba ohùn màmá sílẹ̀, kí ó sì má ṣe yára dìde.